Ìgbà Tí Johannesburg Ní Èbúté

Ìlú ńlá tó jìnnà sí omi bíi Johannesburg kò pọ̀ láyé. Èkó ní òkun, ó tún ní ọ̀sà. Ìbàdàn tó wà láàárín ilẹ̀ pàápàá ní odò Ògùnpa tó máa ń ránni létí ara rẹ̀ nígbà òjò. Ṣùgbọ́n Johannesburg kò ní òkun, kò ní ọ̀sà, kò sì ní odò kan tí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè gbà wọ̀lú. Wúrà ló kó èèyàn jọ síbẹ̀ lọ́dún 1886, kì í ṣe omi. Orí òkè ló wà, ó fi nǹkan bíi 1,750 mítà ga ju ojú òkun lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan omi iyọ̀ ní Durban yóò wa mọ́tò ju 550 kìlómítà lọ. Ohun tó tún pani lẹ́rìn-ín ni orúkọ òkè tí ìlú náà jókòó lé: Witwatersrand. Lédè Afrikaans, ìtumọ̀ rẹ̀ ni òkè omi funfun.

Síbẹ̀, fún ọdún méjì àbọ̀, Johannesburg ní èbúté. Láti oṣù Kárùn-ún ọdún 1948 títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1950, bàálù ńlá ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin máa ń gbéra ní Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, yóò fi bí ọjọ́ mẹ́rin la Áfíríkà já, yóò sì wá rọra bà sórí adágún odò Vaal, lẹ́bàá ìlú kékeré Deneysville ní gúúsù Johannesburg. Kò ní táyà tó fi ń bà sórí ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ rí bí ìdí ọkọ̀ ojú omi gẹ́lẹ́: omi ló ń sá lé kó tó fò, omi náà ló ń padà sí. Bó bá ti bà tán, wọ́n á so ó mọ́ àgbá tó léfòó lórí omi, ọkọ̀ kékeré á sì wá kó àwọn èrò lọ sétí odò. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti wọ mọ́tò lọ sí Johannesburg.

Solent ni wọ́n ń pe irú bàálù ojú omi yìí. Ilé iṣẹ́ Short Brothers ló ṣe é, BOAC tó jẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ló sì ń fi í kó èrò. Àmọ́ èèyàn kò lè mọ Solent dáadáa láì mọ ìdílé tó ti jáde, ìdílé ológun sì ni.

Sunderland ni baba ńlá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fò lóṣù Kẹwàá ọdún 1937, iṣẹ́ tí wọ́n sì torí rẹ̀ ṣe é ni pé kó máa ṣọ́ òkun. Nígbà ogun Hitler, ó lè wà lókè fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàlá, kó máa wá ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì kiri. Láti ìpẹ̀kun apá rẹ̀ kan dé èkejì jẹ́ nǹkan bíi mítà 34. Ilé ni inú rẹ̀: ó ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀, ó ní ibùsùn, ó sì ní ilé ìdáná, torí ẹni tó ń fi ojú wá ọ̀tá lórí omi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ gbọ́dọ̀ rí oúnjẹ gbígbóná jẹ. Inú ikùn rẹ̀ ni bọ́ǹbù máa ń wà. Bí wọ́n bá ti rí ọ̀tá, wọ́n á ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi irin tì í jáde sábẹ́ apá. Ìbọn tó yọ síta lára rẹ̀ pọ̀ débi tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn ará Jámánì pè é ní òòrẹ̀ tó ń fò. Bóyá àwọn ará Jámánì ló sọ ọ́ lóòótọ́, bóyá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń yin ohun ìjà ara wọn, orúkọ náà bá a mu.

Ogun kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan kọlu ọkọ̀ ẹrù kan tó ń jẹ́ Kensington Court. Sunderland méjì bà sórí òkun gbalasa, èyí tó léwu fún un, torí omi èbúté tó dákẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n kó gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà, èèyàn 34, kò ku ẹnì kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé iye yẹn.

Ogun náà kò jìnnà sílé. Lóṣù Kárùn-ún ọdún 1941, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan, U-69, yọ́ wá sí ẹnu èbúté Èkó àti ti Takoradi ní Gold Coast, ó da bọ́ǹbù sómi kí ọkọ̀ tó bá ń kọjá lè fara gbún un. Ti Freetown tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ òkun ti máa ń para pọ̀ kí wọ́n tó jọ dojú kọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó Sunderland wá sí Freetown lọ́dún 1941, tí wọ́n tún kó òmíràn sí Bathurst tó ń jẹ́ Banjul lónìí. Nígbà tó di ọdún 1943, ẹ̀ka 270 nínú àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì kó dé Àpápá l'Ékòó. Catalina, bàálù ojú omi tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde, ni wọ́n bá wá, Sunderland ni wọ́n lò gbẹ̀yìn, Àpápá náà sì ni wọ́n ti tú wọn ká lóṣù Kẹfà ọdún 1944. Ọdún 1943 yìí kan náà ni ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà lọ sí Íńdíà kí wọ́n tó wọ igbó Burma. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè má mọ orúkọ Sunderland, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú tó ń ṣọ́ òkun láti òkè kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Àárín ogun yẹn náà ni Sunderland ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ọkọ̀ èrò. Lọ́dún 1943, BOAC gba mélòó kan nínú wọn, wọ́n yọ ìbọn kúrò lára wọn, wọ́n sì ń fi wọ́n kó lẹ́tà àti àwọn èèyàn tó níṣẹ́ ìjọba láti Poole nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó. Ìrọ̀rùn kò sí nínú wọn, ewu sì wà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún yẹn, ọ̀kan nínú àwọn bàálù náà tó ń ti Lisbon bọ̀ kọlu òkè Brandon ní Ireland. Èèyàn 25 ló wà nínú rẹ̀, 10 kú.

Ní South Africa, Durban ni ilé àwọn bàálù ojú omi tó ń ṣọ́ òkun, ní èbúté tí wọ́n ń pè ní Congella. Ẹ̀ka 262 ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú Catalina wọn, wọ́n sì tún ń ti adágún St Lucia, níbi tí erinmi àti ọ̀nì pọ̀ sí, fò jáde. Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà délé. Ọ̀kan já lórí adágún náà lọ́dún 1943, àwókù rẹ̀ sì pẹ́ lórí erékùṣù kan níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn Catalina ẹ̀ka 262 rí ọkọ̀ abẹ́ omi UIT-22, tí àwọn ará Jámánì gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, ní gúúsù Cape. Wọ́n rì í. Ní 1945, ẹ̀ka náà di ti South Africa fúnra rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní ẹ̀ka 35, wọ́n sì kó Sunderland fún un. Ọdún 1957 ni Sunderland kẹ́yìn nínú wọn fò gbẹ̀yìn.

Nígbà tí ogun ń lọ sópin nílẹ̀ Yúróòpù, Short Brothers ti ń ṣe Sunderland tó tóbi sí i, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lágbára sí i, tí wọ́n fẹ́ kó lọ bá àwọn ará Japan jà lórí òkun Pàsífíìkì. Seaford ni wọ́n sọ ọ́. Àkọ́kọ́ rẹ̀ fò lóṣù Kẹjọ ọdún 1944, ṣùgbọ́n kó tó dé ọwọ́ àwọn ológun, Japan ti juwọ́ sílẹ̀. Ọmọ ogun tó dé lẹ́yìn tí ogun tán ni Seaford. Yàtọ̀ sí méjì tí wọ́n fi dánra wò, mẹ́jọ péré ni wọ́n ṣe. Àwọn ológun dán an wò díẹ̀ lọ́dún 1946, wọ́n sì gbé e tì. Èyí tí wọ́n kàn fi ikùn àti apá irú rẹ̀ ṣe fún èrò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Solent. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún mú púpọ̀ nínú àwọn Seaford tó wà nílẹ̀, wọ́n tú inú wọn, wọ́n fi àga àti tábìlì sí ibi tí bọ́ǹbù ì bá wà, àwọn náà sì di Solent.

Èrò mélòó ni Solent àkọ́kọ́ ń gbà? 34. Iye àwọn tí Sunderland kó lórí omi lọ́jọ́ Kensington Court nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣe kòńgẹ́ lásán ni. Òṣìṣẹ́ méje ló ń tọ́jú wọn. Bàálù ńlá bẹ́ẹ̀ tó gba èèyàn 34 péré! Òde òní, èrò tí wọ́n máa kó sínú irú àyè bẹ́ẹ̀ á lé ní ìlọ́po méjì. Solent ní yàrá lókè àti nísàlẹ̀, ó ní ibi tí èèyàn ti lè jókòó mu nǹkan, ó ní ilé ìdáná tí wọ́n ti ń se oúnjẹ, ó sì ní ibi tí èèyàn ti lè dúró lẹ́bàá fèrèsé kó máa wo ilẹ̀ tó ń kọjá lọ.

Ilẹ̀ náà sì ṣeé wò, torí bàálù náà kì í lọ sókè réré. Wọn kò sé inú rẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ bíi ti bàálù ìsinsìnyí, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa fò níbi tí èèyàn ti lè mí. Láti Southampton, ó máa ń dúró ní Augusta ní Sicily, ó máa dé Íjíbítì, á wá tẹ̀ lé odò Náílì gòkè lọ sí Khartoum. Láti ibẹ̀, ó kan Port Bell lórí adágún Victoria, tí kò jìnnà sí Kampala ní Uganda. Lẹ́yìn náà ló kan odò Zambezi, lókè ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ ní Victoria Falls, èyí tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Mosi-oa-Tunya, èéfín tó ń sán àrá. Èrò kì í sùn nínú bàálù. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sùn ní hótẹ́ẹ̀lì, wọ́n á tún gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kó tó bà sórí Zambezi, ọkọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ ti yẹ ojú omi wò, torí erinmi kò mọ̀ pé BOAC ní àkókò tó fi ń dé.

Ibùsọ̀ tó kẹ́yìn, Vaal, ní ìṣòro tirẹ̀. Èèyàn ló ṣe adágún náà. Wọ́n sé odò Vaal lọ́dún 1938 kí Johannesburg àti àwọn ilé iṣẹ́ agbègbè rẹ̀ lè rí omi lò, orúkọ Deneys Reitz, mínísítà ìjọba ìgbà náà, ni wọ́n sì fi sọ ìlú Deneysville. Bí adágún náà bá kún, ojú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 320 kìlómítà níbùú lóròó, nítorí náà àyè wà fún bàálù láti sáré. Ó sì nílò àyè yẹn. Adágún náà fi ohun tó lé ní 1,400 mítà ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ tó nípọn ni apá bàálù ń wá kó lè gbé e, òun náà ni ẹ́ńjìnnì ń mí. Bó bá fúyẹ́, àfi kí bàálù sáré jìnnà sí i kó tó lè já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ omi. Láàárọ̀ tí atẹ́gùn kò fẹ́, tí ojú omi dán bíi dígí, ìyẹn tún burú jù. Omi tó dán máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí bàálù, kì í fẹ́ jẹ́ kó lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló fẹ́ bà, awakọ̀ kò ní mọ ibi tí ojú omi wà gan-an, torí ojú ọ̀run ló ń rí nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé kí ọkọ̀ kékeré kan máa sá kiri lórí omi kó lè ru ú sókè díẹ̀. Ẹni tó ti wo omi ọ̀sà láàárọ̀ kùtùkùtù láti orí afárá Third Mainland yóò mọ ohun tí ojú awakọ̀ náà ń rí.

Ta ló ń wọ̀ ọ́? Ọ̀rọ̀ adùn ìrìn àjò Solent pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí kì í sábà yọ níbẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kárùn-ún ọdún 1948 ni Solent àkọ́kọ́ kúrò ní Southampton. Ọjọ́ 26 oṣù yẹn kan náà ni wọ́n dìbò ní South Africa, tí ẹgbẹ́ òṣèlú National Party ti D. F. Malan fi wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláwọ̀ dúdú kò láǹfààní láti dìbò ọjọ́ náà. Orí ìlérí apartheid ni ẹgbẹ́ náà wọlé. Kó tó di pé Solent kẹ́yìn gbéra lọ́dún 1950, òfin tó ń fi àwọ̀ ara kọ orúkọ gbogbo èèyàn sílẹ̀ ti jáde, òfin tó ń sọ àdúgbò tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lè máa gbé náà ti jáde. Owó nìkan kọ́ ló ń ya àwọn èèyàn nípá. Ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́rin fò láti Southampton wá ní ìrọ̀rùn yóò sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tí àwọ̀ ara ti ń sọ ibi tí kálukú lè sùn.

Ọ̀nà láti Johannesburg lọ sí Deneysville kò jìnnà sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà padà já sí. Nítòsí Vereeniging ni Sharpeville wà, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti yìnbọn pa èèyàn 69 lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀hónú hàn lórí ìwé ìrìnnà. Sharpeville náà ni Nelson Mandela lọ lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1996 láti fọwọ́ sí òfin orílẹ̀-èdè tuntun. Ìdílé tó bá ń lọ wo adágún náà lè kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Ó tọ́ kí ọmọdé rí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tó lé àwọn bàálù ojú omi lọ kò ní ọgbọ́n kan nínú. Ogun ti la pápákọ̀ sí gbogbo ayé, bàálù tó ń bà sórí ilẹ̀ sì ń yá sí i, ó ń lọ sókè sí i, owó tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ kò sì tó ti alágbàá àti ọkọ̀ kékeré. Ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1950 ni Solent tó kẹ́yìn kúrò ní Southampton, BOAC kò sì fi bàálù ojú omi kó èrò mọ́. Kò ju ọdún kan àbọ̀ lọ lẹ́yìn náà tí Johannesburg fi rí ohun mìíràn: lọ́jọ́ 2 oṣù Kárùn-ún ọdún 1952, Comet gbéra láti London wá síbẹ̀, bàálù jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láyé tó kó èrò sanwó. Kò tó wákàtí 24 tó fi dé. Ọjọ́ mẹ́rin ti di ọjọ́ kan.

Ibo ni àwọn Solent wá wọlé sí? Wọ́n tà wọ́n káàkiri, wọ́n sì fọ́ èyí tó pọ̀ jù fún irin. Ọ̀kan nínú àwọn tí BOAC lò ló ṣẹ́ kù. Seaford ni wọ́n bí i, nọ́ńbà ológun rẹ̀ ni NJ203, BOAC sì sọ ọ́ ní City of Cardiff. Ó kó èrò wá sí Johannesburg. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Australia, ó gba orúkọ mìíràn, ó dé Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ tó rà á fẹ́ fi í ná Tahiti ṣùgbọ́n kò rí i ṣe. Ó bọ́ sọ́wọ́ Howard Hughes, ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ràn bàálù bí ọmọ, ó sì pẹ́ tó fi jókòó láìṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù Raiders of the Lost Ark, tó jáde ní 1981, òun ni wọ́n lò bíi bàálù tí ọ̀gbẹ́ni olófìn-ín-tótó inú fíìmù náà wọ̀. Àwọn tó ti wo fíìmù náà ti rí ọkọ̀ Johannesburg láì mọ̀. Oakland ní California ló wà báyìí, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ òfuurufú.

Ní Johannesburg fúnra rẹ̀, ẹni tó bá ń wá Sunderland tàbí Solent kò ní rí i. Ohun tó sún mọ́ ọn wà ní Saxonwold, lẹ́bàá ọgbà ẹranko ìlú náà, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí Jan Smuts ṣí lọ́dún 1947, tí wọ́n ń pè ní Ditsong lónìí. Molch wà níbẹ̀, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tó gba èèyàn kan péré, tó kéré débi pé ọmọdé á béèrè bí àgbàlagbà ṣe ráyè wọ̀ ọ́. Messerschmitt 262 náà wà níbẹ̀, jẹ́ẹ̀tì alẹ́ tó ní ìjókòó méjì, irú èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an láyé. Ẹni tó bá ní ìdájọ́ ọ̀sán kan ṣoṣo ní ìlú náà, ibẹ̀ ni kó lọ.

Ẹni tó bá ní odindi ọjọ́ kan, kó lọ sí Deneysville. Nǹkan bíi 77 kìlómítà ló wà láàárín pápákọ̀ òfuurufú O. R. Tambo àti adágún náà. Ìlú kékeré ni, Refengkgotso tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé lábẹ́ apartheid sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ onígbòkun ló gba ojú omi náà báyìí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wà á sì máa ń ṣe ìdíje yí erékùṣù inú rẹ̀ ká lọ́dọọdún. Nígbà ọ̀dá ọdún 2016, adágún náà fà débi pé omi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin lọ, àwọn ará Johannesburg sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ omi lò nínú ilé. Láti ìgbà náà ó ti kún padà. Oṣù Keje máa ń tutù níbẹ̀ gan-an, pàápàá láàárọ̀, nítorí náà kí àwọn ọmọ wọ súwẹ́tà. Àárọ̀ yẹn náà ni omi máa ń dán jù.